Ẹ̀FỌ́ TÚTÙ ÀTI Ẹ̀FỌ́ INÚ AGOLO: ÈWO NI OWÓ ẸGBẸ́ YẸ KÓ RÀ?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn alábẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé

 

Mo mọ̀ pé bí a bá ti sọ pé alábẹ̀wò ń bọ̀, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ yín lọ́kàn ni ìwé owó, rìsíìtì, àti orúkọ àwọn tí kò tíì san owó tí wọ́n yá. Ẹ fọkàn balẹ̀, a ó dé ibẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni alága yín ní kí n wá sọ lónìí, mo sì gbà á tayọ̀tayọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ owó nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí mo ń yẹ ìwé wọn wò.

Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe máa ń rí. Bí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìgbìmọ̀ á kó owó jáde, wọn á ra ìrẹsì, wọn á ra òróró, wọn á sì ra tòmátì inú agolo ní páálí-páálí, pẹ̀lú pìísì, kárọ́ọ̀tì àti àgbàdo inú agolo. Wọn á pín in fún ọmọ ẹgbẹ́ láwìn, oníkálukú á sì máa san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Ohun tó dára ni, n kò bá yín jà sí i. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ kan náà, ẹ óò rí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ilá sí àkùrọ̀, tí ẹ̀fọ́ wọn ń rọ sórí àtẹ nítorí pé kò sí ẹni tó rà á. Bí a bá wá dé ìpàdé, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní ti inú agolo ló mọ́ jù, pé òyìnbó ti fi fítámì sí i, pé kì í bàjẹ́. Àwọn kejì á ní òkú oúnjẹ ni, pé kò ku nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ ju aró pupa lọ. Mo ti jókòó gbọ́ irú àríyànjiyàn yìí títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì sí ẹnìkan lápá méjèèjì tó mú òṣùwọ̀n kankan wá.

Àwa tí a ti ìdí kòkó wá mọ̀ pé níbi tí kò bá ti sí òṣùwọ̀n, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù ní í borí. Nítorí náà, òṣùwọ̀n ni mo gbé dání wá.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ Ẹ̀FỌ́

Èròjà tó ń ṣe ara lóore nínú ẹ̀fọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n fún ọ̀rọ̀ tòní, ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ pín wọn sí. Àwọn kan jẹ́ ojo. Bí iná bá kàn wọ́n, wọ́n á sá; bí omi bá kàn wọ́n, wọ́n á bá omi lọ; bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí wọn pẹ́, wọ́n á di aláìsí. Olórí wọn ni fítámì C, tí kì í jẹ́ kí èrìgì máa ṣẹ̀jẹ̀, tí ń jẹ́ kí egbò tètè san, tí ó sì ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin tó wà nínú ẹ̀fọ́. Ìkejì rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní folate. Aboyún kò gbọdọ̀ ṣe aláìní in, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń fẹ́ ẹ.

Àwọn kejì jẹ́ akíkanjú, iná kò tètè rí wọn gbé ṣe. Nínú wọn ni èròjà tó mú kárọ́ọ̀tì pọ́n, tí ara wa ń sọ di fítámì A fún ojú. Nínú wọn ni èròjà irin àti àwọn yòókù tí ẹ̀fọ́ fà láti inú ilẹ̀. Omi lè gbé àwọn wọ̀nyí lọ, ṣùgbọ́n iná kò lè jó wọn run. Háhá ẹ̀fọ́ náà wà níbẹ̀, èyí tí kì í dà nínú, tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀ fún àwa tí a ti ń dàgbà.

Bí ẹ bá ti di èyí mú, ìyókù rọrùn. Ohun mẹ́ta ni kí a máa bi ẹ̀fọ́ kọ̀ọ̀kan, ìbáà wà nínú agbọ̀n, ìbáà wà nínú agolo: báwo ni iná tó rí ti pọ̀ tó, omi rẹ̀ mélòó ni a dà nù, ọjọ́ mélòó ló sì ti lò láti ìgbà tí a ti já a?

BÍ Ẹ̀FỌ́ ṢE DÉ INÚ AGOLO

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Nicolas Appert, tó ń ṣe súwíìtì tà, ló wá ọgbọ́n yìí rí, ní àkókò tí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ń wá bí oúnjẹ àwọn ọmọ ogun kò ṣe ní máa bàjẹ́. Ó kó oúnjẹ sínú ìgò, ó dé e pinpin, ó sì se tìgò-toúnjẹ nínú omi híhó. Ní 1810, ìjọba Faransé fún un ní 12,000 owó fráǹkì, ó sì tẹ ọgbọ́n náà jáde nínú ìwé kí gbogbo ayé lè mọ̀ ọ́n. Ní ọdún kan náà, Peter Durand gba ìwé àṣẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi agolo ṣe é. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ó ju ogójì ọdún lọ lẹ́yìn ìgbà náà kí ẹnikẹ́ni tó ṣe irinṣẹ́ tí a fi ń ṣí agolo. Kí ó tó dìgbà náà, òòlù àti irin ni oníkálukú fi ń bá oúnjẹ rẹ̀ jà. Appert fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí tí ọgbọ́n rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Louis Pasteur ló fi hàn ní àwọn ọdún 1860 pé àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò rí ló ń ba oúnjẹ jẹ́, àti pé iná ń pa wọ́n.

Títí dòní, ọ̀nà yẹn náà ni. Ilé-iṣẹ́ á fọ ẹ̀fọ́, wọn á gé e, wọn á rì í bọ omi gbígbóná fún ìgbà díẹ̀, wọn á kó o sínú agolo pẹ̀lú omi iyọ̀, wọn á dé e, wọn á sì gbé agolo náà sínú ìkòkò ńlá tí ooru kò ti lè jáde, tí gbígbóná rẹ̀ tó 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ kíyè sí i: ẹ̀fọ́ inú agolo ti jiná kí ẹ tó rà á. Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ rẹ̀, ọbẹ̀ tó ti kúrò lórí iná ni kí ó fi wé e. Ẹni tó ń fi ẹ̀fọ́ tó ṣì wà nínú oko wé agolo ń rẹ́ agolo jẹ ni.

Ìjọba Amẹ́ríkà ní àkọsílẹ̀ ńlá kan tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n èròjà inú oúnjẹ sí. Nínú rẹ̀, 100 gíráàmù pìísì tútù ní fítámì C tó 40 mílígíráàmù. Ti inú agolo, tí a ti sẹ́ omi rẹ̀ dànù, ní bíi 10. Ẹ̀fọ́ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní spinach, tí òun àti tẹ̀tẹ̀ jẹ́ ìbátan, ní 28 ní tútù, ó sì ní bíi 14 nínú agolo. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n ń pè é ní òkú oúnjẹ sọ àsọdùn, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ní kò sí ìyàtọ̀ náà kò sọ òtítọ́. Ojo ti sá lọ. Akíkanjú ṣì wà ńlé: kárọ́ọ̀tì inú agolo ṣì ní èròjà fítámì A púpọ̀, háhá rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

TÒMÁTÌ NÍ ẸJỌ́ TIRẸ̀ LỌ́TỌ̀

Tòmátì ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé òun ni owó ẹgbẹ́ ń bá lọ jù.

Nínú àkọsílẹ̀ kan náà, 100 gíráàmù tòmátì tútù ní fítámì C bíi 14 mílígíráàmù, ti inú agolo tó ki sì ní bíi 22. Ẹnìkan á yára sọ pé agolo borí. Ẹ dúró ná. Ó tó kílò márùn-ún sí mẹ́fà tòmátì tútù tí a ń sè gbẹ kí a tó rí kílò kan èyí tó ki bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ojú ẹni tí ń yẹ ìwé owó wò ó: ìlọ́po márùn-ún 14 jẹ́ 70. Ó kéré tán 70 wọlé, 22 ló wà nínú àpótí. Bí akápò bá ṣe ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún mi, mo máa béèrè ibi tí ìyókù wà.

Síbẹ̀, tòmátì ní nǹkan mìíràn tí iná kò lè lé lọ. Èròjà tó mú un pọ́n, tí wọ́n ń pè ní lycopene, wà lára àwọn èròjà tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó ń dáàbò bo ara. Iná kò bà á jẹ́. Ńṣe ni iná ń tú u sílẹ̀ láti ibi tó há sí nínú ẹran tòmátì. Ní 1997, àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ Jámánì tẹ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní tòmátì tútù, wọ́n tún fún wọn ní èyí tó ki, ìwọ̀n lycopene inú méjèèjì dọ́gba, wọ́n sì fi òróró sí méjèèjì. Èyí tó ki ló wọ inú ẹ̀jẹ̀ jù. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ṣe tìtorí èyí sáré lọ ra agolo o, nítorí pé ohun tí ẹ ń ṣe nínú ìkòkò yín náà ni: tòmátì lílọ̀ tí ẹ sè títí omi rẹ̀ fi gbẹ, tí ẹ sì fi òróró dín, ti gba ọ̀nà kan náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú oṣù tí tòmátì tútù bá ti di góòlù lọ́jà, ẹni tó fi ti agolo se ọbẹ̀ kò fi ebi pa ọmọ rẹ̀.

ỌJỌ́ MÉLÒÓ?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ ti tútù náà, nítorí pé òun náà ní ẹ̀bi tirẹ̀.

Ní 2007, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Yunifásítì California tó wà ní Davis kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí ẹ̀fọ́ tútù, ẹ̀fọ́ inú yìnyín àti ẹ̀fọ́ inú agolo. Nínú ohun tí wọ́n kó jọ, pìísì tútù tó lo ọjọ́ méje nínú ẹ̀rọ amóhuntutù pàdánù bíi 15 nínú 100 fítámì C rẹ̀. Ẹ̀wà tútù tí àwọn òyìnbó ń jẹ téèpotéèpo pàdánù 77 nínú 100. Nínú ẹ̀rọ amóhuntutù nìyẹn o, kì í ṣe orí àtẹ lójú oòrùn Bódìjà. Ní ti agolo, ohun tó bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn iná kì í fi bẹ́ẹ̀ dín mọ́, nítorí pé atẹ́gùn kò ráyè wọlé.

Ẹ wá ro ti tòmátì tó ti Kánò tàbí Kàdúná wá sí Ìbàdàn àti Èkó. Wọ́n já a, wọ́n kì í mọ́ inú agbọ̀n, wọ́n to agbọ̀n lé agbọ̀n, ọkọ̀ gbé e gba ọ̀nà tó le, oòrùn pa á, tìsàlẹ̀ fọ́, ti òkè fúnpọ̀. Kí ó tó dé ọwọ́ yín, ó lè ti lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Tútù la ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó san owó. Èyí tí wọ́n ti pàtẹ lọ́tọ̀ nítorí pé ó ti ń hu funfun tàbí dúdú lára, ẹ má rà á nítorí owó pọ́ọ́kú. Májèlé tí irú èébu bẹ́ẹ̀ ń tu sílẹ̀, iná ọbẹ̀ kì í sábà pa á.

Bákan náà ni ti ẹ̀fọ́ ewé. Tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n já ní àkùrọ̀ láàárọ̀ yìí, tí ẹ sè lọ́sàn-án, kò sí agolo kan láyé tó lè bá a dọ́gba. Ṣùgbọ́n èyí tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti ń wọ́n omi sí lára láti ìjẹta, ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ ló kù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ nìyí: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní àkùrọ̀ ni wọ́n ní ohun tí owó kò lè rà nínú ṣọ́ọ̀bù kankan, ìyẹn ni wákàtí díẹ̀ láàárín oko àti ìkòkò.

ÌKÒKÒ TIWA NÁÀ Ń JALÈ

N kò ní lè dákẹ́ lórí èyí bí inú bá tilẹ̀ bí yín sí mi. Ẹ̀fọ́ tó dára jù lọ lè dé ilé wa kí a sì sọ ọ́ di ti inú agolo fúnra wa. A ó gé e wẹ́wẹ́, a ó da omi gbígbóná sí i, a ó bọ̀ ọ́, a ó fún un títí omi eléwé náà yóò fi dànù, a ó tún fi omi tútù ṣàn án. Omi eléwé tí a dà sẹ́yìnkùlé yẹn, fítámì C àti folate ló wà níbẹ̀. Adìyẹ tó ń mu ún ló gba ère wa. Ilé-iṣẹ́ agolo ṣe èyí nítorí pé kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é. Àwa ń ṣe é nítorí pé bẹ́ẹ̀ la bá ilé.

Ẹ fọ ẹ̀fọ́ dáadáa kí ẹ tó gé e, pàápàá èyí tó ti etí omi tàbí etí gọ́tà wá, tàbí èyí tí wọ́n fín oògùn kòkòrò sí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán ni kí ẹ tó mú ọ̀bẹ. Bí ata ati epo bá ti jiná tán, ẹ da ẹ̀fọ́ sí i nígbẹ̀yìn, kí iná má ṣe kàn án pẹ́. Bí gbúre bá pọ̀ lómi, ẹ dín omi ata kù kí ẹ jẹ́ kí omi gbúre ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ewúro yàtọ̀, n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó jẹ ẹ́ láìfọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tó o. Kaún tí ẹ ń fi sí ewédú àti ilá kí ó lè tètè rọ̀, òun náà ń pa fítámì C; ẹni tó bá lè fi ìjábẹ̀ já ewédú rẹ̀ dáadáa kò nílò rẹ̀ púpọ̀. Epo pupa sì dára fún ẹ̀fọ́, nítorí pé èròjà fítámì A fẹ́ ọ̀rá kí ara tó lè gbà á, epo náà sì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti yọ́ epo títí pupa rẹ̀ fi lọ, ẹ ti lé ohun tí ẹ ń wá lọ.

IYỌ̀, ÒṢÙWỌ̀N ÀTI ÌWÉ ARA AGOLO

Ó kù díẹ̀ lórí agolo, mo sì fẹ́ kí ìgbìmọ̀ tó ń lọ sọ́jà fetí sílẹ̀.

Èkíní ni iyọ̀. Pìísì tútù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iyọ̀ lára rárá. Ti inú agolo rì sínú omi iyọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù márùn-ún iyọ̀ lọ lójúmọ́, ìyẹn bí ẹ̀kún ṣíbí ìpo-tíì kan, nínú gbogbo oúnjẹ tó bá jẹ ní ọjọ́ náà, pẹ̀lú kúùbù tí a ń fọ́ sọ́bẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín wa. Nítorí náà, ẹ sẹ́ omi inú agolo dànù, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣan ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ń gbé tó ìdámẹ́ta iyọ̀ náà lọ. Lóòótọ́, fítámì díẹ̀ á bá a lọ, ṣùgbọ́n níhìn-ín, iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù.

Èkejì ni òṣùwọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi òṣùwọ̀n rẹ́ àgbẹ̀ jẹ nídìí kòkó, ẹ má jẹ́ kí agolo rẹ́ yín jẹ. Agolo tí wọ́n kọ 400 gíráàmù sí lára lè jẹ́ 240 gíráàmù ẹ̀fọ́ nígbà tí ẹ bá sẹ́ omi rẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì sábà máa ń wà lára rẹ̀, kékeré ni wọ́n kàn ń kọ èkejì. Owó ìkejì ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò. Agolo àti òṣùwọ̀n kò sì ṣàjèjì síra wọn nílẹ̀ wa: dèríkà tí ẹ̀yin ìyá fi ń wọn ìrẹsì, agolo tòmátì De Rica ni tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ 21 oṣù December 1844, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ wọn ní Toad Lane, bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun àti ọkà óòtì ni wọ́n kó sí i. Ohun tó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù náà ni pé ojúlówó ni ọjà wọn, ní àkókò tí àwọn oníṣòwò mìíràn ń po ìyẹ̀fun mọ́ ẹfun. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti ṣẹ̀ wá. Ó yẹ kí ó tì wá lójú bí ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ bá ń pín àdàlù.

Tòmátì inú agolo àti inú ọ̀rá kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú òmíràn, tòmátì àti iyọ̀ péré ló wà. Nínú òmíràn, omi, ìyẹ̀fun àgbàdo, ṣúgà àti aró wà níbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì ń sọ pé àdàlù ni fún ẹni tó bá kà á. Òfin ni pé èyí tó pọ̀ jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sínú àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí i pé omi ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kí ó pe ọmọ rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó tòmátì tí a ti dì sí agolo àti ọ̀rá kéékèèké wọlé láti òkè òkun, wọ́n sì gbé owó ibodè ga lórí èyí tó ń wọlé nínú àgbá ńlá. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń fi èdè ilẹ̀ òkèèrè ara agolo yangàn fún yín, ẹ béèrè ọ̀nà tó gbà wọlé. Ní ti fítámì tí wọ́n ní òyìnbó fi kún un: bí wọ́n bá fi kún un, ìwé ara agolo yóò sọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ má ṣe kà á mọ́ ohun tí ẹ rà.

Ẹ má ra agolo tó wú, tó ń jò, tó ti dípẹtà, tàbí tó tẹ̀ níbi ojú ìdè rẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ. Kòkòrò kan ń gbé inú ilẹ̀, tó fẹ́ràn ibi tí atẹ́gùn kò sí. Májèlé rẹ̀ ń sọ ara di aláìlè-gbápá-gbẹ́sẹ̀, ó sì ń pànìyàn. Omi híhó lásán kì í pa irúgbìn kòkòrò yìí. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ti ń se tòmátì pamọ́ sínú ìgò nílé pé kí ẹ má ṣe dán an wò pẹ̀lú ẹ̀fọ́, ilá tàbí ẹ̀wà. Kíkan tòmátì ló ń gbà yín. Ẹ̀fọ́ ewé kò kan.

OHUN TÍ MO RÒ PÉ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ẹgbẹ́ ni ti yín, alábẹ̀wò ni mo jẹ́, n kò ní ìbò níbí. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí, mo sì ní láti dáhùn. Ẹ ra tòmátì inú agolo, ojúlówó, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ de àwọn oṣù tí ti òkè Ọya bá ti tán lọ́jà tí ti Òkè-Ògùn kò sì tíì dé. Ẹ má ṣe rà á ní àkókò tí tútù bá pọ̀ tó ń ṣòfò. Pìísì àti àgbàdo inú agolo, ẹni tó bá fẹ́ ẹ fún ìrẹsì díndín ọjọ́ ọdún, kí ó fi owó ara rẹ̀ rà á. Ẹ̀ṣọ́ oúnjẹ ni, kò yẹ kí ẹgbẹ́ yá owó nítorí rẹ̀.

Ní ti ẹ̀fọ́ ewé, ẹ má fi owó ẹgbẹ́ ra èyíkéyìí nínú agolo. Ẹ yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ iye ìdì tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí àwọn ti àkùrọ̀ já a láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n kó o wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ kí oòrùn tó mú. Kí a kọ owó rẹ̀ sínú ìwé bí a ti ń kọ ti ìrẹsì. Àgbẹ̀ á mọ iye tí yóò já, kò ní pàdánù. Ẹni tó jẹ ẹ́ á sì rí fítámì tó san owó fún. Bí ẹ bá fẹ́ irúgbìn tó dára, ilé ìwádìí ọ̀gbìn ẹ̀fọ́ àti èso, NIHORT, wà ní Ìbàdàn láti 1975. Ẹ rán àṣojú lọ síbẹ̀ ní orúkọ ẹgbẹ́.

Ìyá kan ti na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn ọ̀hún, wọ́n ní orúnlá ńkọ́, ṣé òun náà dà bí agolo? Ìbéèrè tó dára ni. Oòrùn àti atẹ́gùn ń lé fítámì C inú ilá lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó sì ń dín èròjà fítámì A rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n háhá rẹ̀ àti èròjà tó fà láti inú ilẹ̀ wà níbẹ̀ digbí, kò sì ní omi iyọ̀ nínú. Ibi tí òjìji wà tí atẹ́gùn ń fẹ́ dáadáa ló dára láti sá a sí ju ojú oòrùn gbangba lọ. Ẹ gé e tín-ín-rín kí ó lè tètè gbẹ, ẹ fi aṣọ tín-ín-rín bò ó nítorí eṣinṣin, kí ẹ sì kó o sínú ike tó dé dáadáa bí ó bá ti gbẹ tó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Alága, mo dá ọ̀rọ̀ padà fún yín.